Orí Kẹfà: Ẹrù Orí Èjìká

Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Keteren Gwari, ní Minna, tí oòrùn kò tíì mú, ẹ dúró sétí títì kẹ́ ẹ máa wo àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sọ́jà. Èyí tó gbé abọ́ tòmátì karí, tó fi òṣùká tẹ́ ẹ, lè jẹ́ Yorùbá. Ó lè jẹ́ Núpé, ó sì lè jẹ́ Ìgbò. Aṣọ ò lè fi í hàn, torí àǹkárá kan náà ni gbogbo wọn ń rà. Ojú gan-an ò lè fi í hàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí obìnrin tó gbé igbá tàbí ìdì igi lé èjìká kan, tó dá ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ geere bí ẹni tí kò ru nǹkan kan, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Gbagyi ni, àwọn tí àwa ń pè ní Gwárì. Lójú tiwọn, orí ni olórí ara, kò yẹ kí ẹrù gùn ún. Yorùbá tó bá mọ ohun tí orí jẹ́ yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìrísí wọn kọ́ ni ojú fi ń dá wọn mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù ni. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò lónìí láti mọ irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe rí rárá. Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà, torí ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wà nínú ìtàn rẹ̀.

Ara àgbàlagbà kan ní sẹ́ẹ̀lì tó tó nǹkan bíi trílíọ̀nù 37. Inú ẹyin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí ìwé kan náà fi wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìyẹn DNA. Àfi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, tó máa ń ju ìwé tirẹ̀ nù bó bá ti gbó tán, kó lè ráyè gbé afẹ́fẹ́. Jíìnì tó ń júwe bí ara ṣe máa ṣe purotéènì nínú ìwé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì ojú ní gbogbo rẹ̀, ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì ní gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀dọ̀ kì í wá ríran? Ojú ewé tí kálukú ṣí sílẹ̀ ló yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ṣí ojú ewé álúbúmínì, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú pankíríàsì ṣí ojú ewé ínsúlínì, bí irú yẹn bá sì parun, àtọ̀gbẹ ló ń tẹ̀lé e. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa nínú mùdùnmúdùn egungun ṣí ojú ewé hemoglóbíìnì, ó sì ń kà á lákàtúnkà títí iṣẹ́ fi parí.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣí ojú ewé kan, kì í gbé odindi ìwé jáde. Ṣe ló máa ń da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sórí abala pélébé kan tí à ń pè ní RNA, á wá rán an lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ìránṣẹ́ ni RNA yìí. Kì í pẹ́ láyé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ara tó tú wọn ká. Nítorí náà, bí èèyàn bá lè mú àwọn ìránṣẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kan náà, tó kà wọ́n, tó sì mọ iṣẹ́ tí a rán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe lásìkò yẹn. Ó ti rí ẹrù tó wà léjìká rẹ̀.

Kó tó di pé ọgbọ́n yìí dé, ojú la fi ń wò, aró la sì fi ń ran ojú lọ́wọ́. Aládìrẹ Abẹ́òkúta mọ̀ pé aṣọ kan ń mu aró ju òmíràn lọ. Paul Ehrlich, ará Jámánì, rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1879: sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tó ń mu aró eosin yó, ó bá fi orúkọ aró náà pè é, eosinophil. Èyí tí aró rẹ̀ kò fì sí apá kankan ló di neutrophil. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣì wà lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ fún yín ní ilé ìwòsàn títí dòní. Ṣùgbọ́n aró níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Sẹ́ẹ̀lì T, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀ tàbí tó ń pàṣẹ fún àwọn yòókù, àti sẹ́ẹ̀lì B, tó ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń dá àrùn mọ̀, jọra bí ìbejì lábẹ́ maikirosíkóòpù. Títí di àwọn ọdún 1960, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé kà wọ́n sí. Ojú ń wò wọ́n lójoojúmọ́, kò rí wọn.

Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ka àwọn ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo fínnífínní. Ọlẹ̀ eku ni wọ́n ti mú un. Iṣẹ́ ńlá ni, sẹ́ẹ̀lì kan sì kéré sí ohun tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ ara. Ohun tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ni ohun tí ẹgbẹ́ méjì ní Harvard gbé jáde lóṣù kan náà ní 2015, tó rọrùn débi pé mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún aládùúgbò mi tó ń ta epo.

Ẹ da omi sínú òróró kẹ́ ẹ rò ó. Omi náà á pín sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dá wà láàyè ara rẹ̀, òróró ò ní jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ẹ̀kán tirẹ̀ kéré jọjọ, ó sì lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fẹ́ kí nǹkan méjì bára pàdé: sẹ́ẹ̀lì kan, àti ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan. Orí ìlẹ̀kẹ̀ yìí kún fún okùn DNA kéékèèké, gbogbo okùn orí ìlẹ̀kẹ̀ kan ló sì ní nọ́ńbà kan náà, bíi nọ́ńbà mọ́tò. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà náà, ó sì máa ń gùn tó lẹ́tà 16 lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó yẹ kó ní nọ́ńbà kan náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tú nínú ẹ̀kán omi, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ á jáde. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìránṣẹ́ ló ní ìrù gígùn tó jẹ́ kìkì lẹ́tà A, ìlẹ̀kẹ̀ á fi okùn rẹ̀ gbá ìrù yẹn mú, á sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára. Láti ìgbà yẹn lọ, ibi yòówù kí ìránṣẹ́ náà dé, a mọ ilé tó ti wá. A lè wá da gbogbo wọn pọ̀ sínú ìgò kan, ká kà wọ́n pa pọ̀, ká tó tún wá tú wọn sílé kálukú nínú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń jáde níkẹyìn kì í ṣe àwòrán. Àtẹ nọ́ńbà ni. Jíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹ́ẹ̀lì wà lókè, iye ìránṣẹ́ tí a rí wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i, ẹ̀rù á bà á, torí òdo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òdo mìíràn jẹ́ òótọ́: sẹ́ẹ̀lì náà kò ṣí ojú ewé yẹn. Òdo mìíràn jẹ́ pé ìránṣẹ́ wà, ìlẹ̀kẹ̀ ni kò rí i mú, torí apá kékeré nínú wọn ló ń kó sí wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kò fi gbọ́dọ̀ torí jíìnì kan ṣoṣo dájọ́ fún sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo.

Àtẹ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti fọwọ́ kàn rí. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ti mú un, sẹ́ẹ̀lì 2,700, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Minna tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí bátìrì rẹ̀ tó kú. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká bá a ṣe é.

Ó kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò dára. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ń kú máa ń jò: àwọn ìránṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń ṣàn dànù, àwọn tó wà nínú mitokóńdíríà ló máa ń kù, torí ilé tiwọn wà nínú ilé. Sẹ́ẹ̀lì tí ìránṣẹ́ mitokóńdíríà bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á mú un kúrò. Ó tún mú àwọn tí jíìnì wọn kéré jù tàbí tó pọ̀ jù kúrò. Sẹ́ẹ̀lì 62 ló bọ́ sẹ́yìn, ó ku 2,638. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà wá aládùúgbò fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹrù wọn jọra jù lọ, kó sì so wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló jáde. Lórí ẹ̀rọ, wọ́n dà bí erékùṣù aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí omi funfun. Kò sí orúkọ lára wọn, nọ́ńbà nìkan ni: òdo, 1, 2, 3, títí dé 8.

Ibí ni iṣẹ́ èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan, tó lé ní 300, gbé jíìnì MS4A1 àti CD79A. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: sẹ́ẹ̀lì B ni. Ẹgbẹ́ mìíràn gbé LYZ àti CD14, monocyte nìyẹn, àwọn tó ń jẹ kòkòrò àrùn. Èyí tó kéré jù, tí kò tó ogún, gbé PPBP, ojúlówó àmì platelet, àwọn tó ń dí ojú ọgbẹ́. Ó wá kan ẹgbẹ́ méjì tí àwọn méjèèjì gbé NKG7, jíìnì àwọn sẹ́ẹ̀lì apani. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fẹ́ sọ méjèèjì ní orúkọ kan. Mo ní kó dúró. Obìnrin Yorùbá kan wà ládùúgbò wa tó fẹ́ ọkọ Gbagyi, òun náà sì ti ń gbé ẹrù léjìká. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń pe ọmọ rẹ̀ ni ẹ tó mọ ilé tó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá wo jíìnì mìíràn, CD3D. Ẹgbẹ́ kan ní in, ẹgbẹ́ kejì kò ní in. Èyí tó ní CD3D jẹ́ sẹ́ẹ̀lì T tó ń pani, tí wọ́n ń pè ní CD8. Èyí tí kò ní in ni sẹ́ẹ̀lì NK, apani tí a bí iṣẹ́ náà mọ́. Àmì kan kò tó, àìsí àmì kan sì jẹ́ àmì.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló wà. Nọ́ńbà kan wà tí ẹni tó ń lò ó máa yàn, bó bá gbé e sókè, ẹgbẹ́ á di méjìlá, bó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á di márùn-ún. Méjì nínú mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì T kan náà, ọ̀kan kò tíì bá àrùn pàdé rí, ìkejì ti bá a pàdé, ó sì ń rántí. Ṣé irú méjì ni wọ́n, àbí irú kan ní ipò méjì? Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló sọ fún òun pé irú sẹ́ẹ̀lì báyìí-báyìí ló wà ti gbé iṣẹ́ tirẹ̀ fún ẹni tí kò lè ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kó kó àwọn tó jọra jọ. Sísọ lórúkọ jẹ́ ti ẹni tó mọ ẹbí.

Àwọn ohun tó ń tan ni jẹ pọ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ méjì dáadáa. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gúsí lọ sọ́dọ̀ alọta, tó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata tán níbẹ̀, ti mọ àkọ́kọ́. Ata yóò wà nínú ẹ̀gúsí yẹn, bó ti wù kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ tó. Nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti fọ́ máa ń da ìránṣẹ́ hemoglóbíìnì sínú omi tí gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ń bá omi wọ inú gbogbo ẹ̀kán. Ẹ lè wá rí hemoglóbíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì T kẹ́ ẹ sáré kéde pé ẹ ti rí ohun àrà. Ata alọta ni. Ìkejì ni ìyá tó pọn ọmọ. Bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá kó sínú ẹ̀kán kan, nọ́ńbà kan ni ìlẹ̀kẹ̀ máa fún àwọn méjèèjì, àtẹ á sì fi wọ́n hàn bí ẹ̀dá kan tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì B tó tún jẹ́ monocyte. Kò sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú ara.

Bí iṣẹ́ náà bá mọ́ tán, ó máa ń fi ohun tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún hàn. Ní 2018, ẹgbẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà tó ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀nà èémí rí irú kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ jíìnì CFTR, èyí tó ń fa àrùn cystic fibrosis bó bá bàjẹ́. A ti mọ jíìnì yẹn láti 1989. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn oníṣègùn fi ń wá a lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ní 2020, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn Anopheles gambiae, ẹ̀fọn ibà tó ń kùn sí wa létí ní Minna lálẹ́, wọ́n sì rí irú sẹ́ẹ̀lì tuntun kan tí wọ́n pè ní megacyte, tó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú bí ẹ̀fọn ṣe ń gbógun ti kòkòrò ibà.

Ìbàdàn wá kàn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, iṣẹ́ àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀, láti fi mọ ibi tí DNA èèyàn ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó kí wọ́n tó gba nǹkan kan lára ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa kópa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ Yorùbá. Ìdílé 30 ló wọ inú àtẹ náà, bàbá, ìyá àti ọmọ kan, èèyàn 90 lápapọ̀. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ju èyí tí wọ́n lò lọ, nítorí náà ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an kò mọ̀ bóyá tòun wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún gbogbo wọn pa pọ̀ ni YRI, Yorùbá ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ Coriell ní New Jersey ló ń tọ́jú wọn. Wọ́n fi kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan sọ sẹ́ẹ̀lì B inú ẹ̀jẹ̀ náà di èyí tó ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì wà láàyè.

Shinya Yamanaka ní Japan ti fi hàn ní 2006 pé èèyàn lè dá sẹ́ẹ̀lì àgbà padà sí ipò ọmọ tuntun, ipò tí kò tíì yan iṣẹ́ kankan. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2012. Ẹgbẹ́ Yoav Gilad ní Yunifásítì Chicago mú sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn yẹn, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní 2017, Po-Yuan Tung, John Blischak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú sẹ́ẹ̀lì èèyàn mẹ́ta nínú wọn, wọ́n fẹ́ mọ ohun kan tó rọrùn láti bi, tó sì ṣòro láti dáhùn: bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹni àkọ́kọ́ àti ti ẹnì kejì, ṣé ara wọn ló yàtọ̀ ni, àbí ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ ká padà sétí títì. Ká ní ọjọ́ Ajé ni ẹ wá wo àwọn obìnrin Gbagyi, oòrùn ń ràn. Ọjọ́rú lẹ wá wo àwọn Núpé, òjò ń rọ̀, gbogbo wọn da ọ̀rá borí. Bí ẹ bá délé, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Núpé ló ń da ọ̀rá borí. Ẹ ò purọ́, ohun tí ẹ rí lẹ kọ. Òjò lẹ kọ, ẹ pè é ní ẹ̀yà. Ó yẹ kí ẹ wo àwọn méjèèjì lọ́jọ́ òjò, kẹ́ ẹ tún wò wọ́n lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Chicago nìyẹn. Abọ́ tí wọ́n ń lò ní ihò 96. Wọ́n lo abọ́ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di abọ́ mẹ́sàn-án, ihò 864. Wọ́n fi ojú ara wọn wo ihò kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ṣófo, èyí tí sẹ́ẹ̀lì méjì wà níbẹ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú. Wọ́n mú odindi abọ́ kan kúrò nítorí pé nǹkan kan bà á jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì 564 ló kù tí ọkàn wọn balẹ̀ lé lórí. Wọ́n rí i pé òótọ́ ni àwọn èèyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, àmọ́ abọ́ méjì láti ara ẹnì kan náà yàtọ̀ síra pẹ̀lú, ìyàtọ̀ yẹn sì tó èyí tó lè tan ẹni tó bá ní abọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ jẹ. Àìmọye iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé lẹ́yìn ìgbà náà ló ti gba ẹ̀kọ́ yìí. Orí sẹ́ẹ̀lì Yorùbá mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́ ọ, mi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé kan ní Ìbàdàn. Ó dùn mí. Àwọn ìyá àti bàbá tó na apá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣe ohun tó tóbi.

Ní 2022, ẹgbẹ́ náà tún mú sẹ́ẹ̀lì Yorùbá mẹ́ta mìíràn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n dàgbà bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ka ohun tó lé ní 40,000 sẹ́ẹ̀lì tó jáde níbẹ̀. Àwọn kan ti ń di ti ọpọlọ, àwọn kan ti ń di ti ọkàn, àwọn kan ti ń di ti ẹ̀dọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ orúkọ wọn? Wọ́n fi wọ́n wé àtẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ẹlòmíràn ti sọ lórúkọ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é lónìí. Irinṣẹ́ bíi SingleR àti CellTypist kò ní ọgbọ́n mìíràn ju pé wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó lórúkọ.

Ara ta ni wọ́n ti rí wọn? Ní 2016, Aviv Regev àti Sarah Teichmann kó àwọn onímọ̀ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Human Cell Atlas láti ka gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì inú ara èèyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn fúnra wọn ti ń sọ ọ́ pé ara Áfíríkà kò pọ̀ tó níbẹ̀. Nǹkan ń yí díẹ̀díẹ̀. Ní 2024, àtẹ sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ibà tí wọ́n gbé jáde láti Sanger Institute ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kòkòrò tí wọ́n gbà lára èèyàn ní Mali nínú, àwọn onímọ̀ ará Mali sì wà lára àwọn tó ṣe é. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tiwa lẹ́yìn odi ilé ìwádìí kì í ṣe bíi ti inú ìgò.

Jíìnì kan wà tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. ACKR1 ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n sí Duffy. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn Yúróòpù, jíìnì yìí ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà níwájú jíìnì náà, T di C. Lẹ́tà kan yẹn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lára ògiri iṣan. Ó gbà wá lọ́wọ́ irú ibà kan, vivax, tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá wá fi àtẹ Yúróòpù kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pé ACKR1 jẹ́ ọ̀kan nínú àmì ọmọ ẹ̀jẹ̀ pupa, òdo ló máa bá pàdé lára obìnrin tó gbé igi léjìká yẹn. Hemoglóbíìnì yóò gba ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níbẹ̀, torí ó pọ̀ kọjá ohun tí èèyàn lè ṣì mú. Ṣùgbọ́n irú sẹ́ẹ̀lì tó ṣọ̀wọ́n, tí kò ní ju àmì méjì tàbí mẹ́ta lọ, kò ní hemoglóbíìnì tó máa gbà á.

Lẹ́tà kan náà yìí tún ń ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn tó ní in máa ń ní neutrophil tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, láìsí àìsàn kankan. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ tọ ipa rẹ̀ dé ìdí jíìnì yìí. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kan, wọ́n tẹ ìwé fún mi. Níwájú neutrophil, wọ́n tẹ lẹ́tà L, ó ti kéré jù. Dókítà tó rí i kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní àfi ká yẹ mùdùnmúdùn egungun mi wò. Ìyàwó mi ò jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá dókítà àgbà kan, obìnrin, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó bi mí bóyá mo ti ń ṣàìsàn léraléra. Mo ní rárá, mà. Ó wo ìwé àyẹ̀wò mi ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, iye kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Níbo lẹ ti wá, sà?" Mo ní bàbá mi jẹ́ ará Ọ̀fà, ìyá mi jẹ́ ará Ìbàdàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ sórí lẹ́tà L náà, ó dá ìwé padà fún mi, ó ní kí n lọ sọ fún ìyàwó mi kó se oúnjẹ.